"A Kò Rí I" Kì Í Ṣe "Kò Sí": Ìtàn Iye Ènìyàn Tí Ó Tó Dán Oògùn Wò

Bí oníṣègùn kan bá lo oògùn kan fún aláìsàn mẹ́wàá, tí ara méje nínú wọn sì yá, kí ni ó tọ́ kí a sọ nípa oògùn náà? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò dáhùn lójú ẹsẹ̀ pé oògùn náà jẹ́. Bí ó bá sì jẹ́ pé mẹ́ta péré ni ara wọn yá, àwọn kan náà ni yóò sọ pé kò jẹ́. Ìdáhùn méjèèjì ni ó lè kùnà. Bí ènìyàn 100 bá mú kọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan, tí olúkúlùkù sì sọ tirẹ̀ sókè ní ìgbà 10, nǹkan bí ènìyàn 17 nínú wọn ni yóò rí i pé ojú tí àwòrán wà ni ó yọ ní ìgbà méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tí ó ṣe nǹkan kan sí kọ́bọ̀ wọn, àkòsẹ̀bá ni. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá sọ kọ́bọ̀ kan ṣoṣo sókè ní ìgbà 1,000, tí ojú kan náà sì yọ ní ìgbà 700, a jẹ́ pé kọ́bọ̀ náà kì í ṣe kọ́bọ̀ lásán. Méje nínú mẹ́wàá ni èkíní, méje nínú mẹ́wàá náà ni èkejì; ohun tí ó fi ìyàtọ̀ sáàárín wọn kò ju iye ìgbà tí a gbìyànjú lọ.

Èyí ni gbòǹgbò ìbéèrè kan tí ó ti ń da àwọn oníṣègùn àti àwọn onímọ̀ ìṣirò láàmú láti nǹkan bí 200 ọdún sẹ́yìn: ènìyàn mélòó ni ó tó kí a fi dán oògùn kan wò, kí a tó lè gba ohun tí ìdánwò náà bá sọ gbọ́? Lójú ẹni tí kò bá wò ó dáradára, ọ̀rọ̀ àwọn tí ń jókòó ti ìwé àti gègé nínú yàrá ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè ni. Bí ènìyàn bá kéré jù, oògùn rere lè di ohun àpatì. Bí wọ́n bá sì pọ̀ jù, a ó ti fi ọ̀pọ̀ aláìsàn sílẹ̀ sórí ìtọ́jú tí kò dára lẹ́yìn tí òtítọ́ ti fara hàn. Èyí tí ó tún le jù níbẹ̀ ni pé a gbọ́dọ̀ ti mú iye náà kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí kò tíì sí ẹni tí ó mọ̀ bóyá oògùn ọ̀hún jẹ́ tàbí kò jẹ́.

Ìgbà kan wà tí ènìyàn 12 tó. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1747, nínú ọkọ̀ ojú-omi ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Salisbury, oníṣègùn James Lind mú atukọ̀ 12 tí àrùn kan náà ń bá jà: èrìgì wọn ń jẹrà, orúnkún wọn kò lágbára mọ́, ara wọn sì kún fún àpá ẹ̀jẹ̀. Ó pín wọn ní méjì-méjì sí ọ̀nà mẹ́fà. Àwọn kan ń mu ọtí èso ápù, àwọn kan ń mu ọtí kíkan, àwọn kan ń mu omi òkun. Àwọn méjì kan sì ń jẹ ọsàn àti lẹ́mọ́ọ̀nù. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, ọsàn inú ọkọ̀ ti tán. Síbẹ̀ ọ̀kan nínú àwọn méjì tí ó jẹ ẹ́ ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ara èkejì sì ti le tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi í ṣe olùtọ́jú àwọn tí ó kù. Ènìyàn méjì péré! Bẹ́ẹ̀ Lind kò ṣìnà, nítorí pé ohun tí ọsàn ń ṣe sí àrùn náà tóbi púpọ̀. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé àjànàkú kọjá "mo rí nǹkan fìrí". Bí a bá rí erin, kí a sọ pé a rí erin. (Àwọn ọ̀gá ọkọ̀ ogun rí erin náà, wọn kò tètè sọ ọ́: ó di ọdún 1795 kí wọ́n tó pàṣẹ pé kí a máa pín omi lẹ́mọ́ọ̀nù fún àwọn atukọ̀.)

Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn oògùn kì í ṣe erin. Nǹkan fìrí ni wọ́n. Wọ́n ń gba ẹ̀mí ènìyàn kan là nínú 20, tàbí ọ̀kan nínú 100, àwọn tí ó kù ni ara wọn ìbá yá tàbí tí wọn ìbá kú bí ó ti wù kí ó rí. Ìlú Paris ni a ti kọ́kọ́ fi ìka kan ìṣòro yìí. Ní ọdún 1835, Pierre Louis tẹ ìwé jáde lórí àṣà gbígba ẹ̀jẹ̀ lára aláìsàn, àṣà tí àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Faransé fẹ́ràn dé góńgó nígbà náà. Ó ka àwọn aláìsàn òtútù àyà 77. Nínú àwọn 41 tí wọ́n tètè gba ẹ̀jẹ̀ lára wọn, 18 kú. Nínú àwọn 36 tí wọn kò tètè gbà á lára wọn, 9 kú. Ohun ìgboyà ni pé ó tilẹ̀ ka òkú rẹ̀ rárá, nítorí pé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbà pé ìrírí àti orúkọ oníṣègùn tó ẹ̀rí.

Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ní ọdún 1840, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń jẹ́ Jules Gavarret lo ìṣirò tí ó kọ́ lọ́dọ̀ Poisson láti fi hàn pé kíkà nìkan kò tó. Louis ti kọ ọ́ pé nínú aláìsàn ibà jẹ̀funjẹ̀fun 140, 52 kú, èyí tí í ṣe 37 nínú 100. Gavarret ní ó dára, ṣùgbọ́n ènìyàn 140 kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé òtítọ́ iye tí àrùn náà ń pa lè wà níbikíbi láti 26 nínú 100 títí dé 49. Bí oníṣègùn mìíràn bá wá dé pẹ̀lú ìtọ́jú tirẹ̀, tí ó ní ènìyàn 30 péré nínú 100 ni ó ń kú lọ́wọ́ òun, kí ni yóò fi ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ múlẹ̀? Gavarret sọ pé ó di ìgbà tí a bá ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún aláìsàn kí a tó máa fi ìtọ́jú kan wé òmíràn. Àwọn oníṣègùn ìgbà náà kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n sì patì í fún ìgbà pípẹ́.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ iye kọ́kọ́ jẹ lógún gan-an kì í ṣe oníṣègùn rárá, apọntí ni. William Sealy Gosset ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Dublin fún ilé-iṣẹ́ Guinness, ilé-iṣẹ́ ọtí dúdú kan náà tí ó dé Ìkẹjà ní ọdún 1962. Ọkà bálì tí a fi ń pọntí ni ó ń dán wò lórí ilẹ̀ oko, ilẹ̀ náà kò sì ju díẹ̀ lọ. Òun kò lè sọ bíi Gavarret pé kí wọ́n mú ọgọ́rọ̀ọ̀rún wá. Ohun tí ó ṣe ní ọdún 1908 ni pé ó ṣírò bí iyèméjì ti yẹ kí ó pọ̀ tó nígbà tí ohun tí a ní lọ́wọ́ bá kéré. Ilé-iṣẹ́ rẹ̀ kò gbà kí ó fi orúkọ ara rẹ̀ tẹ iṣẹ́ náà, nítorí náà ni ó ṣe pe ara rẹ̀ ní "Student", èyíinì ni Akẹ́kọ̀ọ́, orúkọ tí gbogbo ẹni tí ó bá kọ́ ìmọ̀ ìṣirò ń pè títí di òní.

Student yìí kan náà ni ó sọ ọ̀rọ̀ kan tí ó yẹ kí àwọn olùkọ́ fi etí sí. Ní ọdún 1930, ní agbègbè Lanarkshire ní ilẹ̀ Scotland, wọ́n fi 20,000 ọmọ ilé-ìwé ṣe ìdánwò bóyá mímu wàrà lójoojúmọ́ ń mú ọmọ dàgbà. Ilé-ẹ̀kọ́ 67 ni ó kópa nínú rẹ̀. Oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi fún 10,000 ọmọ ní wàrà, 10,000 yòókù kò sì rí mu. Ta ni kò ní gbà pé irú iye bẹ́ẹ̀ tó? Ṣùgbọ́n wọ́n ti fún àwọn olùkọ́ láyè pé bí apá kan bá dà bí ẹni pé àwọn ọmọ tí ó jẹun kánú pọ̀ nínú rẹ̀ jù, kí wọ́n pààrọ̀ díẹ̀. Àánú ṣe àwọn olùkọ́. Ọmọ tí ó rù, tí aṣọ rẹ̀ gbó, ni wọ́n ń tì síhà wàrà. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe jẹ́ pé àwọn tí kò mu wàrà ti wúwo, wọ́n sì ti ga jù wọ́n lọ kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀. Àṣìṣe kejì bá ti àkọ́kọ́: tòun ti aṣọ ni wọ́n wọn àwọn ọmọ, nínú òtútù oṣù kejì àti nínú ooru oṣù kẹfà. Ọmọ olówó bọ́ ẹ̀wù onírun rẹ̀ nígbà tí ooru dé, ìwọ̀n rẹ̀ sì fò sílẹ̀. Ọmọ tálákà kò ní ẹ̀wù méjì tí yóò bọ́ ọ̀kan. Nígbà tí Student yẹ gbogbo rẹ̀ wò ní ọdún 1931, ó ní bí ó bá jẹ́ pé ìbejì 50 péré ni wọ́n wá, àwọn ìbejì tí ènìyàn kò lè dá ọ̀kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì, tí wọ́n fún ọ̀kan ní wàrà tí wọn kò fún èkejì, ẹ̀kọ́ tí wọn ìbá rí kọ́ ìbá pọ̀ jù èyí lọ. Láti ìgbà náà ni ó ti yẹ kí ó yé ènìyàn pé iye kò lè tún ìpín tí ó wọ́ ṣe. Kèké ni ó yẹ kí ó pín ènìyàn, kì í ṣe àánú.

Ibo wá ni a ti rí òfin tí a fi ń mú iye? Jerzy Neyman, ọmọ ilẹ̀ Poland, àti Egon Pearson, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó là á yé gbogbo ènìyàn nínú àwọn iṣẹ́ tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 1928 sí 1933. Wọ́n ní àṣìṣe tí ìdánwò lè ṣe kì í ṣe ẹyọ kan, méjì ni. Ó lè rí ohun tí kò sí, bí adájọ́ tí ó dá aláìṣẹ̀ lẹ́bi. Ó sì lè ṣàìrí ohun tí ó wà, bí adájọ́ tí ó dá olè sílẹ̀. Àṣìṣe èkíní nìkan ni àwọn ènìyàn ti ń ṣọ́ra fún tẹ́lẹ̀. Èkejì, ẹni tí ó bá fẹ́ sá fún un gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè kan tí ìṣirò fúnra rẹ̀ kò lè bá a dáhùn: báwo ni ohun tí òun ń wá ti kéré tó, tí ó sì tún níyì tó, tí òun kò fi ní fẹ́ kí ó bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́?

Àpẹẹrẹ kan yóò mú ọ̀rọ̀ náà yéni. Kí a sọ pé àrùn kan ń pa 20 nínú 100 ènìyàn tí ó bá mú. Kí a tún sọ pé a kò fẹ́ kí ìdánwò wa rí ohun tí kò sí ju ìgbà 5 lọ nínú 100, tàbí kí ó ṣàìrí ohun tí ó wà ju ìgbà 10 lọ nínú 100. Bí a bá gbà pé oògùn tuntun lè sọ 20 di 10, nǹkan bí ènìyàn 260 ní apá kọ̀ọ̀kan yóò tó. Bí ó bá jẹ́ pé 15 ni yóò sọ ọ́ dà, nǹkan bí 1,200 ni a ó wá ní apá kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá sì jẹ́ 18, iye náà á fò kọjá 8,000. Nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin ni iye ènìyàn fi ń pọ̀ sí i ní ìgbàkígbà tí ohun tí a ń wá bá kéré sí i ní ìdajì. Ẹni tí ó bá ń wá nǹkan fìrí gbọ́dọ̀ ní ojú púpọ̀.

Síbẹ̀ òfin kì í ṣe ọba lé ohun tí kò sí nílé. Nígbà tí Ìgbìmọ̀ Ìwádìí Ìṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dán oògùn streptomycin wò fún ikọ́ ife, tí Austin Bradford Hill sì fi kèké pín àwọn aláìsàn, ènìyàn 107 ni wọ́n lò. Amẹ́ríkà ni oògùn náà ti ń wá, kò sì sí owó dọ́là tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì yóò fi ra púpọ̀ lẹ́yìn ogun. Ọ̀wọ́n oògùn ni ó yan iye fún wọn. Orí sì bá wọn ṣe é. Ìròyìn tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1948 sọ pé láàárín oṣù mẹ́fà, 4 ni ó kú nínú 55 tí ó gba oògùn, 14 sì kú nínú 52 tí ó dùbúlẹ̀ lásán. Erin tún ni.

Àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù rẹ̀ ń ba gbogbo ìyá ní Amẹ́ríkà ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ilẹ̀ wọn, bẹ́ẹ̀ sì ni iye ọmọ tí ó ń mú kò tó ọ̀kan nínú 1,000. Nígbà tí Jonas Salk ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ tán, àwọn kan rò pé kí wọ́n sáà máa fún àwọn ọmọ, kí wọ́n sì wò ó bóyá àrùn náà yóò dínkù ní ọdún tí ó tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1952, ènìyàn tí ó lé ní 57,000 ni àrùn náà mú ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1953, nǹkan bí 35,000 ni, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gún orílẹ̀-èdè náà ní abẹ́rẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé ọdún 1953 yẹn ni abẹ́rẹ́ jáde, àwọn ènìyàn ìbá ti máa jó.

Ẹ wo ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá ti lo 10,000 ọmọ, iye tí ó pọ̀ lójú ẹnikẹ́ni. Bí àrùn náà bá ń mú nǹkan bí 50 nínú 100,000, nínú àwọn 5,000 tí kò gba oògùn, méjì tàbí mẹ́ta ni yóò ṣàìsàn. Bí ọ̀kan bá ṣàìsàn nínú àwọn 5,000 kejì, kí ni a fẹ́ sọ? Nítorí ìṣirò bí irú èyí ni ìdánwò ọdún 1954 ṣe di èyí tí ó tóbi jùlọ tí ayé tíì rí rí ní ìgbà náà. Àwọn ọmọ tí ọ̀rọ̀ náà kàn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù méjì. Ọ̀nà méjì ni wọ́n sì gbà ṣe é. Ní àwọn agbègbè kan, wọ́n gún àwọn ọmọ kíláàsì kejì, wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn ọmọ kíláàsì kìíní àti ìkẹta. Ní àwọn agbègbè mìíràn, kèké ni wọ́n fi pín àwọn ọmọ tí òbí wọn gbà: 200,745 gba abẹ́rẹ́ tí oògùn wà nínú rẹ̀, 201,229 sì gba abẹ́rẹ́ omi tí kò ní oògùn, ọmọ kò sì mọ̀, òbí kò mọ̀, dókítà tí ń gún un pàápàá kò mọ̀.

Ọjọ́ 12 oṣù kẹrin ọdún 1955 ni Thomas Francis ka àbájáde rẹ̀ ní ìlú Ann Arbor. Níbi tí wọ́n ti ṣẹ́ kèké, àrùn tí ń rọ ọmọ mú 33 nínú àwọn tí ó gba oògùn, ó sì mú 115 nínú àwọn tí ó gba omi lásán. Ní ọmọ tí ó lé ní 400,000, ọmọ 148 péré ni gbogbo ìmọ̀ náà dúró lé lórí! Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ ìṣirò fi ń sọ pé kì í ṣe iye ẹni tí ó wọlé ni ó ń fún ìdánwò ní agbára, bí kò ṣe iye ẹni tí ohun tí a ń ṣọ́ ṣẹlẹ̀ sí. Ohun mìíràn tún wà nínú ìwé Francis tí ó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu: àwọn ọmọ tí òbí wọn kọ̀ pé kí a má gún wọn, tí wọn kò gba nǹkan kan, kò ṣàìsàn tó àwọn tí ó gba omi lásán. Àwọn ilé tí ó rí já jẹ ni ó máa ń gbà kí a gún ọmọ wọn, ọmọ irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í sì tètè pàdé kòkòrò àrùn náà ní kékeré, nígbà tí ara rẹ̀ lè fi ẹ̀rọ̀ kọ́ bí a ti ń bá a jà. Ẹni tí ó bá fi àwọn tí ó gbà wé àwọn tí ó kọ̀ yóò bu iyì abẹ́rẹ́ náà kù. Ọ̀rọ̀ Lanarkshire ni ó tún padà wá.

A lè rò pé lẹ́yìn èyí gbogbo ilé-ìwòsàn ni yóò kọ́gbọ́n. Rárá o. Ní ọdún 1978, Freiman àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìdánwò 71 jọ, gbogbo wọn ni ó ti ròyìn pé oògùn tuntun kò sàn ju ti àtijọ́ lọ. Wọ́n ṣe ìṣirò tí ó yẹ kí àwọn tí ó ṣe ìdánwò náà ti ṣe kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Nínú 71, 50 ni iye ènìyàn inú wọn kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí oògùn náà tilẹ̀ lè dín ibi kù ní ìdajì, ó lé ní ìgbà 10 nínú 100 tí wọn kò ní rí i. Ohun tí wọ́n sọ ni pé "kò sí". Ohun tí ó yẹ kí wọ́n sọ ni pé "a kò rí i". Mélòó nínú àwọn oògùn wọ̀nyẹn ni ó ti di ohun tí a gbé sọnù? Àwọn aláìsàn tí ó fi ara wọn sílẹ̀ fún irú ìdánwò bẹ́ẹ̀, tí wọ́n farada abẹ́rẹ́ àti ìbẹ̀rù, ẹ̀tọ́ wọn ni a jẹ.

Richard Peto ní Oxford àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó tako àṣà yìí jùlọ. Wọ́n ní kí ìdánwò tóbi, kí ó sì rọrùn: ìbéèrè díẹ̀, ìwé kan ṣoṣo, ilé-ìwòsàn púpọ̀. Ìdánwò ISIS-2 tí ó jáde ní ọdún 1988 gba ènìyàn 17,187 tí àrùn ọkàn kọlù lójijì, ní ilé-ìwòsàn 417 ní orílẹ̀-èdè 16. Nínú àwọn tí ó gba aspirin, 9.4 nínú 100 ni ó kú láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Nínú àwọn tí kò gbà á, 11.8. Oògùn tí gbogbo ayé ti ń lò fún orí fífọ́ ni, ọ̀wọ́n kọ́, kò sì sí ẹni tí ó mọ̀ dájú tẹ́lẹ̀ pé ó ń ṣe èyí. Àwọn olóòtú ìwé ìròyìn fẹ́ kí wọ́n sọ irú ènìyàn tí ó wúlò fún jùlọ. Láti fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n pín àwọn aláìsàn gẹ́gẹ́ bí ìràwọ̀ tí a bí wọn sí, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde pé aspirin kò ṣe àwọn tí a bí sábẹ́ ìràwọ̀ Gemini àti Libra ní oore.

Ilẹ̀ Yorùbá náà ní ìpín nínú ìtàn yìí. Ní ọdún 2005, ìdánwò kan ní Éṣíà tí ó gba ènìyàn 1,461 ti fi hàn pé nínú àwọn tí ibà líle mú, 22 nínú 100 ni ó ń kú lọ́wọ́ kuiníìnì, 15 sì ni lọ́wọ́ artesunate. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà ni púpọ̀ nínú wọn, ọmọ kéékèèké Áfíríkà sì ni ibà ń pa jùlọ. Ohun tí a rí lára àgbàlagbà kò tó gbára lé fún wọn. Wọ́n tún un ṣe pẹ̀lú ọmọ 5,425 ní orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án ní Áfíríkà, Ìlọrin sì wà lára àwọn ibùdó 11 tí wọ́n lò. Ní ọdún 2010 èsì jáde: 10.9 lọ́wọ́ kuiníìnì, 8.5 lọ́wọ́ artesunate. Ẹni tí ó bá wo ìyàtọ̀ yìí yóò mọ̀ pé bí ó bá jẹ́ ọmọ 1,461 ni wọ́n tún lò, ó ṣeé ṣe dáadáa kí wọ́n padà wálé pẹ̀lú "a kò rí i".

Ìtàn tí ó fi bí ọ̀rọ̀ iye ti le tó hàn jùlọ ni ti àwọn abiyamọ. Àdúrà tí a ń gbà fún aláboyún ni pé kí a gbóhùn ìyá, kí a gbóhùn ọmọ, a sì mọ ohun tí ó sábà ń pa ohùn ìyá lẹ́nu mọ́: ẹ̀jẹ̀ tí kò dá lẹ́yìn tí ọmọ ti wálẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Utako Okamoto àti ọkọ rẹ̀ Shosuke ti ṣe oògùn tranexamic acid ní ilẹ̀ Japan, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tí ó ti dì tú. Ó pẹ́ gan-an kí ẹnikẹ́ni tó dán an wò dáradára fún ìdí tí arábìnrin náà fi wá a, èyíinì ni ikú àwọn obìnrin níbi ìbímọ. Ní ọdún 2010, ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìlera tí ó wà ní London, London School of Hygiene and Tropical Medicine, bẹ̀rẹ̀ ìdánwò tí wọ́n sọ ní WOMAN. Orílẹ̀-èdè 21 ni ó wà nínú rẹ̀ ní ìgbẹ̀yìn, Nàìjíríà àti Pakistan sì ni ó kó obìnrin wá jùlọ. Ilé-ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn wà lára àwọn ilé-ìwòsàn Nàìjíríà tí ó ṣe iṣẹ́ náà.

Obìnrin 15,000 ni wọ́n kọ́kọ́ mú. Ohun tí wọ́n ní àwọn yóò máa kà ni iye àwọn tí ó bá kú pa pọ̀ mọ́ iye àwọn tí dókítà bá ní láti gé ilé-ọmọ wọn kúrò kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Ìṣirò náà dára lórí ìwé. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ ti ń lọ, wọ́n ṣàkíyèsí ohun kan tí ẹni tí kò bá tíì dúró ti irú obìnrin bẹ́ẹ̀ lóru kò lè mọ̀: ní ọ̀pọ̀ ìgbà, àkókò kan náà tí wọ́n ń fà á wọ inú ìdánwò ni wọ́n ti pinnu láti gé ilé-ọmọ rẹ̀. Oògùn kò lè yí ìpinnu tí a ti ṣe padà. Bí wọ́n bá ń ka irú iṣẹ́-abẹ bẹ́ẹ̀ mọ́ ikú, ńṣe ni wọ́n ń da omi sínú ọbẹ̀. Nítorí náà, láìtíì mọ apá tí oògùn ń fì sí, wọ́n gbájú mọ́ ikú tí ẹ̀jẹ̀ fà. Nígbà tí ó sì jẹ́ pé ìyẹn ṣọ̀wọ́n jù, wọ́n gbé iye náà láti 15,000 lọ sí 20,000. Ọdún mẹ́fà ni ó gbà wọ́n kí wọ́n tó kó obìnrin 20,060 jọ.

Èsì rẹ̀ jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2017. Lọ́nà ti àtijọ́, tí a bá ka ikú pọ̀ mọ́ gígé ilé-ọmọ, 5.3 nínú 100 ni ní apá kan, 5.5 ní apá kejì: bí ẹni pé oògùn kò ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n nínú àwọn 10,036 tí ó gba oògùn, ẹ̀jẹ̀ pa 155. Nínú àwọn 9,985 tí kò gbà á, ó pa 191. Nǹkan bí obìnrin mẹ́rin ni nínú 1,000. Ká ní obìnrin 2,000 ni wọ́n lò, ìbá jẹ́ 15 ní ìhín, 19 ní ọ̀hún, kò sì sí ọlọ́gbọ́n tí yóò fi orí ara rẹ̀ lé irú ìyẹn. Kódà pẹ̀lú 20,000, díẹ̀ báyìí ni ó fi kọjá ààlà tí àwọn onímọ̀ ìṣirò fi lélẹ̀. Ibi tí ó ti hàn kedere ni lára àwọn tí wọ́n tètè fún ní oògùn náà, láàárín wákàtí mẹ́ta tí wọ́n bímọ: 89 kú ní apá oògùn, 127 kú ní apá kejì. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta, a kò rí àǹfààní rẹ̀ mọ́. Ní ọdún 2017 náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé tún ìmọ̀ràn rẹ̀ kọ pé kí a máa fún obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò bá dá ní oògùn náà láàárín wákàtí mẹ́ta.

Ìbéèrè tí ó tẹ̀lé èyí kò fara sin: kí ló dé tí a ó fi dúró dìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà? Bí a bá fún àwọn obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ara wọn kò tó ní oògùn náà ní kété tí wọ́n bá bímọ tán, ṣé kò ní dènà rẹ̀? Ìdánwò kejì, WOMAN-2, ni wọ́n fi wádìí èyí ní Nàìjíríà, Pakistan, Tanzania àti Zambia, pẹ̀lú obìnrin 15,068. Àwọn tí ó retí pé ìdáhùn yóò jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni kò kéré. Ní ọdún 2023 ni ó jáde: nínú àwọn 7,580 tí ó gba oògùn, ẹ̀jẹ̀ dà lára 530, èyí tí í ṣe 7.0 nínú 100. Nínú àwọn 7,488 tí kò gbà á, ẹ̀jẹ̀ dà lára 497, èyí tí í ṣe 6.6. Ojú tí wọ́n fi wá a pọ̀ tó. Àwọn tí ó ṣe é lè sọ níwájú ẹnikẹ́ni pé bí oògùn náà bá ń dènà ẹ̀jẹ̀ dídà lára irú àwọn obìnrin wọ̀nyí ní ìwọ̀n tí ó ṣe pàtàkì, àwọn ìbá ti rí i. Agbẹ̀bí tí ó wà ní Ìbàdàn tàbí ní Karachi sì mọ̀ nísinsìnyí pé kí òun fi oògùn náà pamọ́ sítòsí di ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í dà, kí òun sì tètè gún un.